A Gbé Fọ́tò Ogun 1868 Gun Òkè Maqdala

Ọjọ́ Ajé, 25 oṣù kẹta 2019, Addis Ababa

Ilẹ̀ ti ṣú kí bàálù wa láti Èkó tó balẹ̀. Títí a fi dé, kò sẹ́ni tó fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ sókè nínú rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ méjì tí bàálù kan já lẹ́bàá Bishoftu, tí ènìyàn 157 bá a lọ, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Pius Adesanmi tiwa wà lára wọn. Ìyá tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń ka Sáàmù láti Èkó títí táyà fi kan ilẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé fáìlì kan há abẹ́ apá, wọn kò gbé e fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ fọ́tò ni iṣẹ́ wọn ní Ìbàdàn, láti ìgbà tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò nínú dákúrúùmù. Fọ́tò náà ló wà nínú fáìlì ọ̀hún, ṣùgbọ́n kì í ṣe wọ́n ló yà á. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló yà á ní 1868, nígbà tí wọ́n gba orí òkè Ethiopia lọ bá Ọba Tewodros Kejì jà ní Maqdala. Mo kó wọn jọ láti inú àká àwọn mùsíọ́ọ̀mù tó ti gbé wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, a sì lọ tẹ̀ wọ́n sórí bébà líle ní Ṣómólú. A fẹ́ gbé wọn dé ibi tí wọ́n ti yà wọ́n, kí a wo ohun tó kù níbẹ̀.

Aṣọ́bodè kan ní pápákọ̀ ní kí a ṣí fáìlì. Ó wo èyí tó wà lókè, òkè gàgàrà kan tó dá dúró, ó ní, "Meqdela!" Ó pe ọ̀gá rẹ̀ wá wò ó, ọ̀gá náà sì pe ẹlòmíràn. Nígbà tí a ó fi kúrò níwájú wọn, àwọn tó tò sẹ́yìn wa ti ń bínú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Addis Ababa

Ìlú yìí fúnra rẹ̀ ga ju òkun lọ ní ohun tó lé ní mítà 2,300. A kò tíì gun òkè kankan tí a ti ń mí gúlegúle.

Ní ojú òpópónà Churchill, oríta kan wà tí wọ́n fi Tewodros sọ lórúkọ. Àwòkọ àgbá ńlá tó ń jẹ́ Sebastopol ló wà láàárín rẹ̀, ó gbẹ́nu sókè bí odó. Ojúlówó rẹ̀ wà ní Maqdala, ibẹ̀ là ń lọ. Tewodros ló ní kí àwọn òyìnbó oníṣẹ́-ọwọ́ àti ajíhìnrere tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní Gafat rọ ọ́ fún òun. Ó wọn nǹkan bíi tọ́ọ̀nù méje, ènìyàn ló sì fi okùn fà á la orí òkè kọjá, ọba tìkára rẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń la ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà ló bí ogun náà. Ní 1862, Tewodros kọ̀wé sí Ọbabìnrin Victoria, ó fẹ́ ọ̀rẹ́, ó sì fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Lẹ́tà dé London, wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò sẹ́ni tó fèsì. Ọba kan tó rò pé ọba ẹlẹgbẹ́ òun lòun kọ̀wé sí kò lè gba irú ìwọ̀sí bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Nígbà tó di 1864, ó ti Charles Duncan Cameron, aṣojú Gẹ̀ẹ́sì, mọ́lé, ó sì de àwọn ajíhìnrere pẹ̀lú. Hormuzd Rassam tó padà gbé èsì wá ní 1866, ó há òun náà mọ́ wọn. Ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá ní kí Robert Napier kó ogun wá láti Bombay: ọmọ ogun 13,000, ẹranko tó ju 40,000 lọ, erin 44 láti Íńdíà láti gbé àgbá. Owó tí wọ́n ná sún mọ́ £9 mílíọ̀nù. Gbogbo èyí nítorí ìwé kan tí akọ̀wé ọ́fíìsì ìbá fi ọ̀sán kan dáhùn.

N kò sọ pé ẹni rere ni Tewodros ní ìparí ayé rẹ̀ o. Ọjọ́ díẹ̀ kí ó tó kú, ó ní kí wọ́n ju ọ̀pọ̀ ẹlẹ́wọ̀n, ọmọ ilẹ̀ rẹ̀, sílẹ̀ láti etí òkè. Àwọn tó ń fi ère rẹ̀ ṣe ẹ̀ṣọ́ kì í fẹ́ mẹ́nu ba ìyẹn.

Lórí tẹlifíṣọ̀n ilé oúnjẹ tí a jókòó sí, irun rẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Mùsíọ́ọ̀mù àwọn ológun ní London ṣẹ̀ṣẹ̀ dá irun tí wọ́n gé lórí òkú rẹ̀ padà fún ìjọba Ethiopia ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Gbogbo ilé dákẹ́. Ọmọkùnrin tó ń gbé kọfí kiri dúró pẹ̀lú àwo lọ́wọ́ títí ìròyìn fi kọjá.

Ọjọ́rú, ọ̀nà Dessie

A háyà ọkọ̀ àti awakọ̀. Nǹkan bíi 400 kìlómítà ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà orí òkè kò ṣe é fi kìlómítà kà. Debre Birhan tutù bí inú fíríìjì. Lẹ́yìn rẹ̀ a wọ ihò tí àwọn ará Ítálì gbẹ́ la inú òkè kọjá ní Debre Sina, a sì jáde sí ìkùukùu. Ojú ọ̀nà fi etí òkè ṣe odi. Ẹ̀gbọ́n di ojú, wọ́n ní àwọn ń gbàdúrà. Orun ni.

Ààwẹ̀ ńlá tó ṣáájú Àjíǹde ni wọ́n wà, kò sí ẹran, kò sí wàrà. Shiro, ọbẹ̀ ẹ̀wà lílọ̀, la jẹ pẹ̀lú injera, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, ní Kombolcha. Shiro gbóná, ó kì, ata rẹ̀ sì jẹ́ ata gidi. Awakọ̀ wa rí bí Ẹ̀gbọ́n ṣe ń fi injera gbá ìsàlẹ̀ àwo, ó bú sẹ́rìn-ín.

Orí oúnjẹ yẹn ni a ti tẹ́ fọ́tò sílẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n ìdí tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ fi gan bí igi. Wọ́n ní, "Ìwọ náà wò ó. Wọ́n ti ní wọn kò gbọdọ̀ mira." Ni wọ́n bá ṣàlàyé. Kò sí fíìmù nígbà náà. Dígí ni. Wọ́n á da oje kan tí wọ́n ń pè ní collodion sórí dígí, wọ́n á gbé e yí títí yóò fi kárí láìní ilà, wọ́n á rì í sínú omi oògùn tí fàdákà wà nínú rẹ̀, nínú òkùnkùn, wọ́n á tì í bọ inú kámẹ́rà ní tútù. Tútù yẹn ni kókó. Bí ó bá gbẹ kí wọ́n tó fọ̀ ọ́ tán, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Nítorí náà àgọ́ dúdú ń bá kámẹ́rà rìn, omi mímọ́ ń bá a rìn, àpótí dígí ń bá a rìn, gbogbo rẹ̀ lórí ẹ̀yìn ìbaaka. Àti pé ẹnu kámẹ́rà kò lè ṣí kó pa dé kíá bí ti òde òní. Ohun tó bá mira nígbà náà á di èéfín.

"Ṣé ẹ lè ṣe é?" ni mo bi wọ́n.

"Nínú oòrùn yìí? Nínú eruku yìí?" Wọ́n mi orí. "Àwọn yẹn mọ iṣẹ́. Màá sọ òtítọ́, wọ́n mọ iṣẹ́."

Àwọn tó yà á kì í ṣe oníròyìn. Ọmọ ogun ni wọ́n, ẹ̀ka àwọn ẹnjiníà Gẹ̀ẹ́sì, Sájẹ́ńtì John Harrold ni olórí wọn. Wọn kò tìtorí àwòrán òkè gbé kámẹ́rà wá. Máàpù ni wọ́n wá fi kámẹ́rà dà kọ. Ẹni tó bá ṣáájú á ya ọ̀nà, odò àti ibi tí omi wà sórí bébà, àwọn oníkámẹ́rà á ya bébà náà, wọ́n á tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀dà rẹ̀ jáde, kí gbogbo ọ̀gá ogun lè ní tirẹ̀ lọ́wọ́. Ní àárín iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ti ń ya òkè, àgọ́ àti àwọn ọ̀gá wọn. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí ni ojú tí mo fi ń wo àwọn fọ́tò náà ti yí padà. Ohun èlò ogun ni kámẹ́rà, bí erin, bí rélùwéè tí wọ́n tẹ́ sí etíkun Zula.

Fọ́tò Zula wà nínú fáìlì wa, èbúté tí wọ́n fi igi àti òkúta nà wọ inú òkun. Ti Senafe náà wà níbẹ̀, àgọ́ funfun báṣubàṣu lábẹ́ àpáta. Inú ilẹ̀ Eritrea ni àwọn méjèèjì bọ́ sí lónìí, nítorí náà a fi wọ́n sílẹ̀ nínú fáìlì.

Ọjọ́bọ̀, Tenta

Eruku. Ìwé àṣẹ láti ọ́fíìsì kan, àdàkọ ìwé àṣẹ náà fún ọ́fíìsì kejì, òǹtẹ̀ lórí méjèèjì. Ilé ìtura tí a sùn sí kò ní omi, ṣùgbọ́n kúbùsù rẹ̀ pọ̀. Mo kan ń kọ èyí kí n má baà gbàgbé pé Ọjọ́bọ̀ wà.

Ọjọ́ Ẹtì, Maqdala

Aago wọn yàtọ̀ sí tiwa. Aago mẹ́fà ìdájí tiwa ni wọ́n ń pè ní aago méjìlá. Afinimọ̀nà wa, bàbá àgbẹ̀ kan tó fi gàbí nípọn bora, ti dúró sẹ́nu ọ̀nà kí a tó jí. Ọ̀nà ẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó tún gòkè, àwọn ọmọdé tó ń da ewúrẹ́ ń sáré kọjá lára wa bí ẹni pé ilẹ̀ títẹ́jú ni. Ẹ̀gbọ́n dúró sinmi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ní àwọn fẹ́ wo ìmọ́lẹ̀.

Láti ẹ̀yìn ni a gbà wọlé. Àríwá ni Napier ti wá. Láti Zula títí dé ibí lé ní 600 kìlómítà. Wọ́n gba pẹ̀tẹ́lẹ̀ orí òkè Dalanta, wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ sí àfonífojì odò Bashilo, wọ́n tún gun òkè ìhà kejì. Kassa, olórí Tigray tó padà di Ọba Yohannes Kẹrin, jẹ́ kí wọ́n kọjá lórí ilẹ̀ rẹ̀, ó sì gba ìbọn àti àgbá lọ́wọ́ wọn nígbà tí wọ́n ń padà lọ. Nítorí náà, fọ́tò òkè Maqdala tí aṣọ́bodè dá mọ̀ kò bá ohunkóhun tí a ń rí mu. A ní láti rìn yí ká títí a fi dé ìhà àríwá. Lẹ́yìn náà Ẹ̀gbọ́n gbé bébà sókè, wọ́n rìn sápá òsì díẹ̀, wọ́n padà sẹ́yìn, wọ́n sì pariwo: orí òkè Fahla nìyẹn, òkè Selassie nìyí, ọrùn ilẹ̀ tó so ó pọ̀ mọ́ Maqdala nìyí. Igi yàtọ̀. Ilé yàtọ̀. Ojú àpáta kò yí padà rárá, àní pàlàpálá tó wà lára rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ìsàlẹ̀ Fahla ni pápá Arogé. Ọjọ́ 10 oṣù kẹrin 1868 ni wọ́n jà níbẹ̀, Ọjọ́ Ẹtì Rere ni. Àwọn ọmọ ogun Tewodros tú láti orí òkè wá pẹ̀lú ọ̀kọ̀, idà àti ìbọn ẹlẹ́tù, Fitawrari Gebriye, ọ̀gágun rẹ̀, ló ṣáájú wọn. Snider ni wọ́n bá pàdé, ìbọn tuntun tí wọ́n ń ki ọta rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ibí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́kọ́ gbé e wọ ogun. Nǹkan bíi 700 kú nínú àwọn ará Ethiopia, Gebriye sì wà lára wọn. Nínú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí ogún ló fara gbọgbẹ́, méjì ló kú. Ìbọn yìí kan náà ni àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó padà ń rà ránṣẹ́ sílé nígbà ogun Kírìjì, tí Ìbàdàn fi mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Ọmọ Ìbàdàn ni wá, Ẹ̀gbọ́n kò fẹ́ gbọ́ apá yẹn.

Kò sí fọ́tò ogun Arogé. Kámẹ́rà ìgbà náà kò lè mú ohun tó ń sáré. Afinimọ̀nà wa dúró létí gegele, ó na ọ̀pá sí ìsàlẹ̀, ó ń dárúkọ: Gebriye níbí, ẹni báyìí lọ́hùn-ún. Orúkọ lórí orúkọ, awakọ̀ wa kò lè túmọ̀ wọn tán. Mo yẹ bébà wa wò. Lábẹ́ fọ́tò àwọn ọ̀gágun, orúkọ wà. Ti àwọn òyìnbó tí Tewodros tú sílẹ̀ ní orúkọ. Níbi tí ọmọ ilẹ̀ bá ti fara hàn, bí kì í bá ṣe ìjòyè, irú ènìyàn tó jẹ́ lásán ni wọ́n sábà ń kọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ará Íńdíà tó pọ̀ jù nínú ogun náà, àfi bíi ti àwọn Háúsá tí wọ́n kó lọ jà ní Ìmágbọn ní 1892, tí a kì í gbọ́ orúkọ wọn.

Ibodè Kokit-bir ni Ẹ̀gbọ́n fẹ́ rí jù. Fọ́tò rẹ̀ ni wọ́n sọ pé ó dára jù nínú gbogbo rẹ̀: odi òkúta, ẹnu ọ̀nà, àwọn sójà tó dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ ilé ara rẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin, nígbà tí wọ́n fẹ́ wọlé, àwọn ẹnjiníà kò mú ẹ̀tù tí wọ́n máa fi fọ́ ibodè wá, wọn kò mú àkàsọ̀ wá. Ogun tó gbé erin 44 sọdá òkun gbàgbé àkàsọ̀! Ọmọ ogun ẹgbẹ́ 33, Bergin àti Magner, ni wọ́n gun odi kọjá, wọ́n sì gba àmì ẹ̀yẹ Victoria Cross nítorí rẹ̀. Nígbà tí àwọn yòókù fi wọlé, Tewodros ti yin ìbọn mọ́ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ìbọn ìléwọ́ náà, Victoria ló fi ta á lọ́rẹ.

A rí òkúta tí wọ́n tò, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ ti wó. Afinimọ̀nà ní ibodè nìyí. Ẹ̀gbọ́n kò gbà bẹ́ẹ̀ kíákíá. Wọ́n fi bébà wé ìtẹ̀sí ilẹ̀, wọ́n wo òjìji inú fọ́tò, wọ́n ní oòrùn ti yẹ̀ nígbà tí wọ́n yà á, wọ́n ní kí n lọ dúró níbi tí sójà kan dúró sí. Mo dúró. "Sún sẹ́yìn. Ó tó. Má mira." Wọ́n gbé kámẹ́rà tiwọn, wọ́n yà á.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ kan tí n kò rò láti Èkó wá: "Ọjọ́ wo ni wọ́n jó ibí?"

Ọjọ́ 17 ni. Wọ́n wọlé ní ọjọ́ 13, wọ́n dáná sun ìlú àti odi ní ọjọ́ 17, wọ́n sì lọ. Fọ́tò ibodè yìí kò lè bọ́ sí ìta àwọn ọjọ́ yẹn. Ẹgbẹ́ kan náà ló ní kámẹ́rà àti iná. Wọ́n ya ohun tí wọ́n mọ̀ pé àwọn ń bọ̀ wá sun, bí ẹni tó ń ka ẹrù. Lónìí, bí ọmọ Maqdala bá fẹ́ mọ bí ibodè àwọn baba rẹ̀ ṣe rí, ọwọ́ ẹni tó sun ún ló ti máa gbà á.

Ẹ̀gbọ́n kò sọ̀rọ̀. Wọ́n mú bébà ibodè náà, wọ́n fún bàbá afinimọ̀nà. Ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó tún yí i síwájú, ó bi awakọ̀ wa bóyá àwọn sójà náà ti kú. Awakọ̀ ní gbogbo wọn ti kú. Ó ní ó dára, ó sì ká a sínú gàbí rẹ̀.

Sebastopol ni a rí kẹ́yìn, ó sùn sórí koríko, ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo fi ọwọ́ kàn án. Irin rẹ̀ tutù bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn mú, etí rẹ̀ nípọn ju ìgbọ̀nwọ́ mi lọ, àwọn ọmọ sì ti fi òkúta kọ orúkọ wọn sí i lára. Ìyẹn nìkan ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò lè gbé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Dessie

Orúnkún. Orúnkún mi méjèèjì.

A jókòó sí ilé kọfí kan láti ọ̀sán. Ìyáálé tó ń yan kọfí tẹ́ koríko tútù sílẹ̀, ó jó tùràrí, ó sì fi abẹ̀bẹ̀ darí èéfín kọfí sí wa lójú kí a gbóòórùn rẹ̀. Ó rí fáìlì, ó ní kí òun wò ó.

Mo sọ ti ẹrù tí wọ́n kó fún un, awakọ̀ ń túmọ̀: erin 15 àti ìbaaka tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 200 ló gbé e lọ sí Dalanta, tí wọ́n sì lù ú ní gbàǹjo láàárín ara wọn. Adé, ife ìdàpọ̀ mímọ́, ìwé àfọwọ́kọ. Richard Holmes wà níbẹ̀ fún Mùsíọ́ọ̀mù Gẹ̀ẹ́sì, ó ń fi owó mùsíọ́ọ̀mù rà. Adé wúrà kan ṣì wà ní Mùsíọ́ọ̀mù Victoria àti Albert ní London; ní 2018 wọ́n pàtẹ àwọn ẹrù Maqdala tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n pàtẹ fọ́tò ogun náà pẹ̀lú wọn. Ó fetí sílẹ̀, ó sì ń tú kọfí. Ó ti mọ púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣáájú mi.

Fọ́tò tó dúró lé lórí ni ti Alemayehu, ọmọ Tewodros. Kì í ṣe ọwọ́ àwọn ẹnjiníà ló ti wá. Julia Margaret Cameron ló yà á ní Isle of Wight ní ọdún 1868 kan náà. Ọmọ ọdún méje ni. Ìyá rẹ̀, Ọbabìnrin Tiruwork, kú lójú ọ̀nà nígbà tí ogun ń padà sí etíkun. Ọ̀gágun Tristram Speedy, òmìrán onírùngbọ̀n, ló mú un dé England. Nínú fọ́tò, Speedy wọ aṣọ ilẹ̀ Ethiopia, ó mú un mọ́ra. Ọmọ náà kò wo kámẹ́rà. Ẹ̀gbọ́n ní ẹni tó bá ti ya ọmọdé rí á mọ̀ pé wọ́n ti ní kó wo kámẹ́rà, kò dáhùn ni.

"Níbo ló wà?" ni obìnrin náà bi wá.

Ó kú ní Leeds ní 1879, ọmọ ọdún 18. Windsor ni wọ́n sin ín sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba Ethiopia béèrè òkú rẹ̀ ní 2007.

"Wọ́n sì fún wọn ní irun bàbá rẹ̀," ló wí. Ó gbé ife kejì fún wa. Kò tún wo fọ́tò mọ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọ̀nà Addis

Ẹ̀gbọ́n ń ṣírò owó láti Debre Birhan. Wọ́n fẹ́ lọ sí Senafe àti Zula. Mo ní ẹnubodè Eritrea tí wọ́n ṣí ní ọdún tó kọjá, wọ́n tún ti tì í ní ibi púpọ̀. Wọ́n ní kí a gba Asmara. Mo ní físà ńkọ́. Wọ́n ní èmi ni mo mọ ìwé. Awakọ̀ wa dá sí i, ó ní òun ní ẹ̀gbọ́n kan ní Asmara, ogún ọdún làwọn fi wà láìgbọ́ ohùn ara wọn kí fóònù tó ṣí ní ọdún tó kọjá, bí a bá ń lọ kí a bá òun gbé bérbéré, ata lílọ̀ wọn, lọ fún un. Ó ti ra á sílẹ̀. Ó wà nínú búùtù.